Orúnkún Tí Kò Kúnlẹ̀ ní Ìbàfò

Ìfọ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi di irun rẹ̀ títí ó fi wọ ilé ìwé gíga,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ tuntun, mo kí ilé tuntun. Bàbá rẹ ní kí n bá òun kí ọ. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń tún ilé adìyẹ ṣe fún ìgbà kẹta lóṣù yìí. Ara wa le, a dúpẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sídìí tábìlì yìí, mo ti ya bébà méjì sọnù, nítorí n kò fẹ́ kí lẹ́tà yìí dà bí ìgbà tí tíṣà ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n tíṣà náà ni mí, o ó fara dà á.

Tàjù àbúrò rẹ dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀. Ó ní yàrá rẹ dára, ó ní o ti ta kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ó ní àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ gan-an. Inú mi ń dùn, mo ń ro ẹ̀bà fún un. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Síísítà ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn." Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀? Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sọ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, ó wá ń wọ́ tọ̀tún tẹ̀ lé e bí ẹni ń wọ́ àpò gààrí. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀bà náà títí ó fi di kókó. Mo ti wá sọ pé Tàjù ló sọ ọ́ báyìí. Má bá a jà, èmi ni mo fún un ní ẹran méjì kí ó lè sọ èyí tó kù.

Ó sọ ọ́. Ó ní ìrora náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde orúnkún ọ̀tún, ó ń gòkè dé ìgbáròkó. Ó ní o kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, nítorí eré sísá wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà ọ́, àti pé ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni wọn yóò yan àwọn tí yóò sáré fún ilé iṣẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ti bá ọ sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gún ọ ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí o kò fi ní mọ̀ pé o ní orúnkún.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ abẹ́rẹ́ yẹn. Mo ti gbà á rí.

O mọ̀ pé mo sáré nígbà èwe mi, o ti rí fọ́tò tó wà ní pálọ̀, èyí tí mo wọ ṣòkòtò péńpé tí bàbá bàbá rẹ ní kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ìgbà gbogbo tí ẹ bá bi mí ìdí tí mo fi dáwọ́ dúró, ìgbéyàwó ni mo máa ń sọ. Irọ́ ni. Bàbá yín wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ irọ́ náà láti gbogbo ọdún yìí wá, kò já mi rí. Òótọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí, n kò sì ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìpínlẹ̀ Ògùn sọ́tọ̀ ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mówè. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, sátífíkéètì mi ṣì ń rùn íǹkì. Mówè ìgbà yẹn, inú rẹ ìbá dùn sí i! Oko gbágùúdá ló yí ilé ìwé ká, ilẹ̀ pupa, òjò díẹ̀ báyìí àwọn ọmọ á fi ẹrẹ̀ kún kíláàsì. Mo gba yàrá kan sí ilé Ìyá Sàlíù, obìnrin Ọ̀yọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń gbọ́ ìró katapílà, nítorí nígbà náà ni wọ́n ń la títì márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n ti da ọ̀dà sí apá kan rẹ̀ láti Mówè dé Ìbàfò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kankan kò tíì gbà á àyàfi ti àwọn òṣìṣẹ́.

Èmi tí mo kọ́ eré sísá ní ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Ìfọ̀, lórí òkúta wẹẹrẹ tó ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni, n kò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúdú, ó ń dán, ó lọ gbọọrọ títí ojú kò fi rí i mọ́. Ọjọ́ kìíní tí mo bọ́ sórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé ṣíwọ́, mo sáré títí mo fi ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. 

Ní ìparí ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí, ní Ìbàfò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ahéré páánù kan. Taimkípà ni, òun ló ń kọ ìgbà tí àwọn lébìrà dé àti ìgbà tí wọ́n lọ. Ó ní aago ọwọ́ kan tó tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe dé iwájú ahéré rẹ̀ tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wo aago, ó ní, "Tíṣà, mo rí yín nígbà tí ẹ jẹ́ bíńtín lọ́hùn-ún. Ẹ máa bọ̀ lọ́la, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ ó yára ju báyìí lọ." Mo ní ta ni ó rán an níṣẹ́? Mo sì padà wá lọ́la. Bàbá rẹ nìyẹn.

Ó máa ń kọ àkókò mi sẹ́yìn ìwé àwọn lébìrà. Bí mo bá ti dé, ó á sọ fún dírẹ́bà tipá kan tó ń padà sí Mówè kí ó gbé mi. N kò fi ẹsẹ̀ padà rí. Fi èyí sọ́kàn, àṣìṣe tó ba ẹsẹ̀ mi jẹ́ ń bẹ níbẹ̀, mo ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

Ní oṣù karùn-ún tí mo ti wà ní Mówè ni ìròyìn dé pé wọn yóò yan àwọn eléré tí yóò sáré fún ìpínlẹ̀ wa tuntun, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ilé ìwé mi ní orúkọ mi ti lọ. Ayọ̀ gùn mí bí ẹṣin. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń sáré tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di ojoojúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Kò pé oṣù kan tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọ̀tún. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dé ní agbedeméjì ọ̀nà, ó sì máa ń lọ bí mo bá dúró. Nígbà tó yá, ó ń dé kí n tó kọjá ojú fèrèsé mi.

Kí ni mo ṣe? Gbogbo ohun tí ìwọ náà ń ṣe. Mo fi omi gbígbóná àti òrí rà á. Mo fi aṣọ wé e mọ́ abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Mo sinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìrora lọ, inú mi dùn, mo padà lọ sá gbogbo ọ̀nà náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìrora sì padà lọ́jọ́ kẹta bí ẹni pé ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Mo pa á mọ́ fún ọ̀gá mi, mo pa á mọ́ fún ìyá mi. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀, nítorí ìwé rẹ̀ ń sọ fún un pé mo ń pẹ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìyàn ní Abẹ́òkúta, dìsípẹ́ńsà kan gún mi ní abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Àbẹ̀kẹ́, mo sáré bí ọmọ ọdún méjìlá. N kò gbọ́ nǹkankan. Mo ṣe ìkejì nínú eré ẹgbẹ̀jọ mítà ó dín ọgọ́rùn-ún, wọ́n pe orúkọ mi, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé Ìfọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjì ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ìrora ń sọ̀rọ̀ sí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ kàn dí i lẹ́nu fún wákàtí mélòó kan ni, ẹsẹ̀ ṣì ń bàjẹ́ lọ nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí a wá sí àgọ́, n kò lè rìn dé gáréèjì. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ṣe ìkẹta ló lọ dípò mi. Mo ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo sì fi ìwé ìròyìn náà dáná. N kò sá eré fún ìpínlẹ̀ kankan rí láyé mi.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ǹ bá má kọ lẹ́tà yìí. O ó ní ara tìẹ yàtọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyàn yẹn ni bàbá rẹ ti dá fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò mú mi wá kí a lè mọ ara wa. O mọ Ìyá Ìbàfò ní ọjọ́ ogbó wọn, nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀pà pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ní ìgbà náà, wọ́n jẹ́ obìnrin gíga, dúdú, tó ń ta pákó, tí àwọn ọkùnrin tó ní igi nínú igbó máa ń rọra bá sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti wé gèlè nítorí mi. Àwọn àbúrò wọn méjì jókòó tì wọ́n. Mo wọlé. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Orúnkún ọ̀tún dé ìdajì, iná jó mi láti ibẹ̀ dé ìdí, mo dúró síbẹ̀, mo di itan mú, mo ní, "Ẹ káàsán, mà."

 Àbúrò wọn kan wá ní, "Ṣé ilẹ̀ ibí kò mọ́ tó fún Tíṣà ni?"

Ìyá Ìbàfò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Akọ̀wé ni. Wọn kì í kúnlẹ̀ ní ilé ìwé wọn."

Bàbá rẹ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Mo ti mú un búra lójú ọ̀nà. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò dára, wọn yóò ní arọ ni ọmọ wọn lọ gbé. Mo rò pé agbéraga sàn ju arọ lọ. Ìyẹn ni ìpinnu tí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìbàfò, ó sì fi ọdún mẹ́ta san án.

Ọjọ́ ìtakókó yìgì wa, nígbà tí ó kan kí n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ṣàdúà fún mi, mo jókòó sórí ìtìsẹ̀. Wọ́n ṣe àdúà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí "àmín" ṣe tutù. Ìrun pàápàá, orí àga ni mo ti ń kí i nínú yàrá mi, bí arúgbó.

Bàbá rẹ ló mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìgbéyàwó. Yàrá kan wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fara pa ní eré ìmárale tó ń wo ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn sàn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kúrú, ó ń rìn bí ṣójà, Àǹtí Ẹsẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Kò fọwọ́ kan orúnkún mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà kánfáàsì tí mo fi ń sáré, ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè lórí tábìlì, ó ń kà á bí ìwé.

"Orí ilẹ̀ wo lo ti ń sáré?"

Mo sọ fún un.

"Etí títì ni àbí àárín?"

"Etí ni, mà. Tipá ló ń gba àárín."

"Títì a máa dà gẹ̀rẹ́ sí etí kí omi lè ṣàn lọ. Ẹsẹ̀ wo ló wà lápá ìsàlẹ̀?"

Mo ronú. Mo ní ọ̀tún ni.

"Tí o bá ń padà ńkọ́? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní n kò sáré padà rí, tipá ló ń gbé mi. Ó fi bàtà náà lélẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, oṣù mẹ́jọ lo fi sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú kòtò." Nígbà náà ni mo wo bàbá rẹ, tó máa ń bá mi wá tipá nítorí ìfẹ́, ó sì ń wo òkè àjà.

Ó ní kí n dúró sórí ẹsẹ̀ kan, kí n tẹ orúnkún díẹ̀. Orúnkún mi wọlé síhà èkejì bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti tú. Ó ní iṣan ìdí mi ti sùn, iṣan tó yẹ kó di itan mú kó má yẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúnkún fi ń jẹ ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní ìsinmi nìkan kò lè wò ó, nítorí ìsinmi kì í fún iṣan lágbára. Ó fún mi ní eré ìmárale mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó so ó pọ̀, ó ní kí n máa fi de itan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ṣe é. Ìrora ń fò lọ. Àmọ́ Ìyá Sàlíù tí a ṣì ń gbé ilé rẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í, yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó rí ìyàwó ilé tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, tó fi rọ́bà de itan méjèèjì, tó ń gbé ìdí sókè tó ń gbé e sílẹ̀. Kí ni ó tún máa rò? Ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàfò kí n tó ká ẹní: ìyàwó ń ṣe ohun tí kò fi ní lóyún. Ojú tì mí débi pé mo ju rọ́bà náà sí àkìtàn. Mo sì sọ fún ara mi pé ṣebí kò kúkú dùn mí mọ́. Ṣé o rí i? Mo ní ìdí méjì láti dáwọ́ dúró, kò sí èyí tó dára nínú wọn.

Kò pẹ́ tí mo fi lóyún rẹ, ọ̀rọ̀ yẹn sì kú. Ṣùgbọ́n bí ikùn ṣe ń wúwo, ẹsẹ̀ ń padà sí bó ṣe wà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, Ìyá Ìbàfò gbé ọ lọ́wọ́, wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Ìyàwó gbọdọ̀ kúnlẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Mo na ọwọ́ lórí ìdúró. Wọ́n gbé ọ fún àbúrò wọn kí ó gbé ọ fún mi. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ogójì ọjọ́ rẹ, mo pọ̀n ọ́, ó di Abẹ́òkúta.

Àǹtí Ẹsẹ̀ wò mí. "Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ṣe?"

"Mẹ́ta, mà."

"Mélòó ni mo ní kí o ṣe?"

"Méjìlá."

"Gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀. Bọ́ sórí ẹní."

Mo ṣe ọ̀sẹ̀ méjìlá náà pé, àti mẹ́rin lé e. Ìwọ ni mo fi ń ṣe ìwúwo nígbà mìíràn, mo á gbé ọ lé ikùn, mo á gbé ìdí sókè, ìwọ a máa rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ a jókòó pẹ̀lú aago. Ìgbà yẹn dùn ju ìgbà tí mo ń sáré lọ, n kò mọ ìdí rẹ̀. Yàrá kan ni a ní, ẹní kan, ọmọ kan, aago kan.

Ọjọ́ kan ní Mówè, mo ń kí ìrun Alásárì, mo ti wà nílẹ̀, mo ti fi iwájú orí kan ẹní kí n tó rántí pé n kò wá àga. N kò parí ìrun náà dáadáa. Mo gbé ọ, mo wọ ọkọ̀, mo lọ sí Ìbàfò. Ìyá Ìbàfò wà láàárín pákó wọn, wọ́n ń bá oníbàárà kan ṣàríyànjiyàn. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi níbẹ̀, orúnkún méjèèjì, mo ní, "Mà, ẹsẹ̀ mi ni. Láti ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí. Mo ń bẹ̀rù pé ẹ ó ní arọ ni mí."

Oníbàárà yẹn rọra bá tirẹ̀ lọ.  Ìyá Ìbàfò jókòó sórí pákó. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ lásán? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wádìí lọ́kàn ara mi, ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́. Mo ti ń bi ọmọ mi pé kí ni mo ṣe fún ìyàwó rẹ̀." Wọ́n ń sunkún. N kò tíì rí i kí wọ́n sunkún rí, n kò sì rí i mọ́ lẹ́yìn náà. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé wọ́n kórìíra mi, ó ń dùn wọ́n ni. Mo fi ìtìjú ẹsẹ̀ kan ba ọdún mẹ́ta jẹ́ fún obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́ wọn ní eré ìmárale náà nígbà tí orúnkún tiwọn náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń tilẹ̀kùn kí Ìyá Sàlíù mìíràn má baà rí wọn.

Mo padà sáré. Mo sáré lórí pápá ilé ìwé, n kò gbọ́ ìrora kankan. Ṣùgbọ́n ọdún ti lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n kéré sí mi ti gba ipò, kò sẹ́ni tó ń wá mi mọ́. Ó dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó yá, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, lọ bá ọ̀gá eré yín lọ́la, sọ fún un ní tààrà pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, o kò ní lè sáré lọ́jọ́ ìyàn. Má ṣe ní "ó ń ṣe mí bákan." Sọ ibi tó ń dùn ọ́ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, yí bàtà rẹ padà, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wá bi ara rẹ orí ilẹ̀ tí o ti ń sáré àti bóyá ìhà kan náà lo máa ń gbà. Wo ìwé ìrántí rẹ pẹ̀lú, bóyá o kàn fi eré kún eré nítorí ayọ̀ iṣẹ́ tuntun, bíi tèmi.

Ẹ̀kẹta, má dùbúlẹ̀ lásán. Fi ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ ti ògiri, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbé ẹsẹ̀ òkè sókè díẹ̀díẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kúrò lára ògiri, kí o sì gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ ju bí o ṣe gbé e sókè lọ. Dojú sókè, tẹ orúnkún, gbé ìdí. De rọ́bà mọ́ itan, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, pa àtẹ́lẹsẹ̀ pọ̀, la orúnkún. Dúró sórí àpótí kékeré níwájú dígí, sọ gìgísẹ̀ kejì kalẹ̀ kan ilẹ̀, kí o máa wo orúnkún rẹ nínú dígí kó má wọlé. Ọjọ́ kan ṣe é, ọjọ́ kejì sinmi. Bí ó bá dùn díẹ̀ nígbà tí o ń ṣe é tó sì lọ kó tó di alẹ́, máa bá a lọ. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, o ti ṣe é jù, dín in kù. Òfin Àǹtí Ẹsẹ̀ nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

N kò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Nígbà tí o bá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìfi ẹ̀gbẹ́, bẹ̀rẹ̀ eré lórí koríko tó tẹ́: sáré ìṣẹ́jú kan, rìn méjì, má jẹ́ kí ayọ̀ gùn ọ́. Kí o tó ṣe gbogbo èyí, wá ọsibítù tó ní irú yàrá tí mo sọ, kí wọ́n fojú rí ọ. Ìyá rẹ kì í ṣe dókítà, orí ẹní ni mo ti kọ́ tèmi. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, kó jẹ́ méjìlá. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ìrora bá lọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìkan tó kù, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. O ń bẹ̀rù pé bí o bá sọ ọ́, wọn yóò ní wọ́n fi owó gba aláìsàn. Bóyá wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú yóò tì ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wo ohun tí pípa á mọ́ ná mi, kí o sì yan.

N kò ní kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, n kò sì ní jẹ́ kí bàbá rẹ wá. Ọmọ ilé mi kọ́ ni ọ́ mọ́, o ti ní kọ́kọ́rọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé mi sọ ọ́, mo ti gba àyè ọjọ́ mélòó kan. Mo ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ yàn yín gan-an. Ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ó wọ̀, mo ó ti kan ilẹ̀kùn rẹ kí pápá yín tó kún. Bí o bá ṣí i, a ó tẹ́ ẹní, a ó jọ gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí kò bá sí ẹni tó ṣí i, mo ó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ títí ìwọ yóò fi dé, mo ó sì gbé ọ gòkè.

Èmi tí mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ rẹ ju eré rẹ lọ,
Ìyá rẹ.